Dóńgóyárò àti Wèrèpè: Oògùn kòkòrò àti koríko wà lẹ́yìnkùlé àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà tí à ń lò lóko ti di ohun tó yẹ kí tọmọdé-tàgbà fi ọkàn sí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí pé wọ́n bá oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin wọn gbà láàyè. Lọ́dún 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún un. Irú ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, àwa ń jẹ ẹ́ nílé. Àjọ NAFDAC náà fòfin de paraquat, oògùn apakoríko tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024.

Ìbéèrè àgbẹ̀ ni pé, bí a kò bá lo ìwọ̀nyí, kí ni ká lò? Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí dóńgóyárò. Ilẹ̀ Íńdíà ni igi yìí ti wá, àmọ́ ó ti di ọmọ onílé báyìí. Kẹ́míkà kan wà nínú kóró rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní azadirachtin. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń ba oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu, tí kì í sì í jẹ́ kó dàgbà.

Ẹ ṣa èso tó ti pọ́n, ẹ bó ara rẹ̀, ẹ fọ kóró rẹ̀, kí ẹ sì sá a síbi òjìji kó gbẹ dáadáa. Ẹ gún ìwọ̀n 500 gíráàmù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in sára ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀wà, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ, ẹ tún un fín.

Ní ti ẹ̀wà tí a fẹ́ kó pamọ́, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ dẹ́nu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí kò ní pẹ́ kú. Kò gba oògùn kankan.

Ó wá ku koríko. Ta ni kò mọ ẹ̀kan, tí ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó ń gún iṣu nínú ebè? Wèrèpè la fi ń ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń yún ni lára. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí kì í yún ni, tí wọ́n ń pè ní mucuna. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń fi í bá ẹ̀kan jà. Yóò bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oòrùn má bàa kan koríko. Kẹ́míkà L-dopa tó wà lára rẹ̀ a máa dènà ìdàgbà irúgbìn mìíràn. Yóò sì tún fi ọ̀rá sílẹ̀. Nígbà tí àgbàdo bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ gbìn ín sáàárín rẹ̀, kó má bàa fún un pa.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, a kò sọ pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Ó gba àkókò, ó sì gba sùúrù ju oògùn inú ike lọ. Ohun tí a fi ewé àti kóró ṣe náà kì í ṣe ohun mímu: ẹ má ṣe gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó, ẹ má sì ṣe jẹ kóró mucuna bí ẹ̀wà, torí L-dopa inú rẹ̀ lè ṣe ni léṣe. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè díẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni kó fẹ̀ ẹ́.