Wàhálà àti Èrè Iṣẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Dókítà



Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa léèrè ohun tí wọn ń fẹ́ dà ní ọjọ́ iwájú, púpọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé, dókítà ni. Inú àwọn òbí a sì máa dùn sí ìdáhùn náà, nítorí pé ọlá ń bẹ nínú orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó wà nínú wa tí ó mọ ohun tí ojú ọmọ náà yóò rí láti ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ pè é ní dókítà títí di ọjọ́ tí òun pẹ̀lú yóò di ọ̀gá. Kò yẹ kí a máa rán ọmọ wa lọ sí ojú ogun tí àwa tìkára wa kò mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí.

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ náà ti ń fẹ́ ìpamọ́ra. Ní ọdún 1855, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹgbẹ́ C.M.S. pa ọwọ́ pọ̀ rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 3 láti Sàró lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ìṣègùn. Méjì nínú wọn yege: James Africanus Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, àti William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. A fi wọ́n ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun ní etí òkun Áfríkà, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà tako Horton, nítorí wọn kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ìjọba sì dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà sílẹ̀ ní ọdún 1902, ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Ọdún 1930 ni a tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábà. Ní ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni a sì ṣí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí U.C.H. Ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ wa ń gbà wọlé lónìí, ìyà ni àwọn tí ó ṣáájú fi ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ti rí nísinsìnyí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di dókítà ní Nàìjíríà yóò lo ọdún 6 ní Yunifásítì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá sọ ọ́ di 7 tàbí 8. Nígbà tí ó bá yege tí ó sì ti búra, a kò tíì fún un ní ìwé àṣẹ tán. Yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá: oṣù 3 nínú ìṣègùn àwọn àgbà, oṣù 3 nínú iṣẹ́ abẹ, oṣù 3 nínú ìtọ́jú aboyún àti àwọn obìnrin, àti oṣù 3 nínú ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní "house officer," èyí ni òṣìṣẹ́ inú ilé, nítorí pé ní àtijọ́ inú ilé ìwòsàn gan-an ni irú wọn ń gbé, tí wọ́n ń sùn tí wọ́n sì ń jí síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ di ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó lè tó ọdún 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìdánwò lé ìdánwò, a ó sì máa pè é ní "resident." Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 lè ti pé ọdún 35 kí ó tó jókòó sí ipò ọ̀gá.

Nísinsìnyí, ẹ wo ọjọ́ kan nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ní agogo 8 òwúrọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ láti ibùsùn dé ibùsùn, yóò kọ ohun gbogbo tí ọ̀gá bá wí sílẹ̀, yóò gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, yóò wá iṣan tí omi àti oògùn yóò gbà wọ ara aláìsàn, yóò sì sáré kiri láti wá èsì. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń lọ sí ilé ní ìrọ̀lẹ́, bí òru náà bá jẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà. Bí ó bá fẹ́ fi orí lélẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò pè é pé èémí aláìsàn kan kò já gaara mọ́. Bí ó bá ti ọ̀dọ̀ onítọ̀hún bọ̀, a ti gbé ọmọ tí gìrì mú dé. Kí ó tó yí ẹ̀yìn padà, aboyún kan ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ ní ilé tí a ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ilé kọ́ ni yóò máa lọ, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kejì ti dé.

Àìsùn yìí kì í ṣe ọ̀ràn eré. Àwọn amòye ti wádìí rẹ̀ pé ẹni tí kò bá fi ojú kan oorun fún wákàtí 24, ọwọ́ àti iyè rẹ̀ a máa ṣe bí ti ẹni tí ọtí ń pa. Ní ọdún 1984, ọmọbìnrin ọdún 18 kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Libby Zion, kú ní ilé ìwòsàn kan ní New York, lábẹ́ ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ dókítà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn. Baba rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà sùn. Ní ọdún 1989, wọ́n fi òfin lélẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà pé kí ọ̀dọ́ dókítà má ṣe ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún 2003 ó di ìlànà fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ sì kíyè sí i pé wákàtí 80 yìí, tí wọ́n kà sí ìtura, ìlọ́po méjì ni fún ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì ń ṣe.

Ewu sì ń bẹ pẹ̀lú àárẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ó ti kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè gún dókítà, kí ó sì gbé àrùn fún un. Gbogbo wa ni a rántí oṣù July ọdún 2014, nígbà tí ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí ó ti inú ìdílé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wá, kọ̀ jálẹ̀ pé a kì yóò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sí àárín ìlú. Ó dáàbò bo ìlú, òun tìkára rẹ̀ sì kú ní 19 August. Ada Igonoh, ọ̀dọ́ dókítà ní ilé ìwòsàn kan náà, kó àrùn yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó rí ìwòsàn. Ní 20 October ọdún náà ni a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ní ọdún 2021, àwọn "resident" dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti 2 August títí di 4 October, nítorí owó oṣù tí a jẹ wọ́n àti nítorí owó ewu iṣẹ́, tí kò ju 5,000 náírà lọ ní oṣù kan nígbà náà. Mo mọ̀ pé àwọn aláìsàn jìyà ní oṣù méjèèjì wọ̀nyí, èmi kò sì lè wí pé ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò lè fi ọkàn kan ṣọ́ ẹlòmíràn. Nítorí irú èyí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti ṣe kọjá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. Bí ẹnìkan bá sì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tí ó kù ni ó ń jogún rẹ̀.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà ti ṣẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ní òru ọjọ́ kan, a gbé ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ mi, tí ó ti dákú, lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ọ̀dọ́ dókítà obìnrin kan jáde sí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹlòmíràn ti bi í ṣáájú. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà? Ṣé kí ọkùnrin náà kú ni?" Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mo ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu màmá fúnra mi." Nígbà náà ni ìyàwó rántí pé ọkọ òun ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì jẹun lé e. Oògùn náà ti fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ọmọbìnrin náà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó fún un ní omi ṣúgà gba inú iṣan, kò sì pẹ́ tí bàbá fi la ojú, tí ó ń béèrè ibi tí òun wà. Ní òwúrọ̀ mo bá dókítà yìí níbi tí ó ti ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró, mo sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ojú tí bàbá là yẹn ti tó mi, sà."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìdáhùn yẹn ni ó kọ́ mi ní ohun tí èrè iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹ ro ti ọmọ tuntun tí a bí tí kò ké. Ọ̀dọ́ dókítà yóò fi aṣọ gbígbẹ nù ún, yóò fi ọwọ́ ra á ní ẹ̀yìn. Bí kò bá mí síbẹ̀, yóò fi ìbòmú kékeré bo imú àti ẹnu rẹ̀, yóò sì máa fi àpò ara rẹ̀ tẹ afẹ́fẹ́ sí i nínú, kí ìṣẹ́jú kan tó kọjá. Gbogbo ilé a dákẹ́. Lójijì, ọmọ a ké! Kò sí owó oṣù tí ó dàbí igbe náà. Èrè kejì ni ìmọ̀: ọwọ́ tí ń gbọ̀n ní oṣù kìn-ín-ní kì í gbọ̀n mọ́ ní oṣù kejìlá. Èrè kẹta ni pé ó kọ́ láti jókòó ti ẹni tí a kò lè wò sàn, kí ó má baà dá nìkan kú. Èyí kò jìnnà sí iṣẹ́ tiwa àlùfáà.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Èkíní, kí òbí má ṣe fi ipá ti ọmọ sí iṣẹ́ yìí nítorí ọlá. Ẹni tí Ọlọ́run kò pè sí i, òru kan péré yóò ṣí i lójú. Èkejì, kí a dẹ́kun bíbú dókítà àti nína ọwọ́ sí i nígbà tí ìbànújẹ́ bá dé bá wa. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ó wà ní ipò àṣẹ láàárín wa rí i pé a ń san owó alágbàṣe ní àkókò rẹ̀, nítorí dídá owó oníṣẹ́ dúró jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ọwọ́ gbogbo wa tó. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdajì lítà. Ní ọdọọdún, ní 18 October, a ń ṣe ìrántí Lúùkù Mímọ́, ẹni tí Pọ́ọ̀lù jẹ́rìí sí nínú Ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè pé oníṣègùn ni. Mo dá a lábàá pé ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìsìn, kí olúkúlùkù ìjọ wa rán àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tí ara wọn yá lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní òru tí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ọ̀dọ́ dókítà bá sì sáré dé ilé ẹ̀jẹ̀, kí ó má ṣe bá a ní òfìfo.