Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Méje: Kí Afẹ̀sùnkanni Má Bàa Di Adájọ́

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀, wọ́n sì ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Láti ọjọ́ náà, Frederick Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣòfin fún Àríwá Nàìjíríà, òun náà ló sì ń mú un ṣẹ. Ohun tó ya ìjọba àwa-ara-wa sọ́tọ̀ sí irú ìjọba yẹn ni pé agbára kì í gbé ọwọ́ ẹnì kan, àti pé ẹni tó fẹ̀sùn kanni kọ́ ló ń dájọ́ ẹ̀sùn náà. Abala 188 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi èyí hàn kedere, níbi tó ti ṣètò ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí yóò wádìí ẹ̀sùn tí ilé aṣòfin bá fi kan gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀.

Ká fi ìpínlẹ̀ Kogí ṣe àpẹẹrẹ: aṣòfin 25 ló wà nílé aṣòfin rẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé ẹ̀sùn, kí 17 sì fọwọ́ sí i kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ méje láti yan ẹni méje tí ọwọ́ wọn mọ́, tí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba, aṣòfin tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú láàárín wọn. Iwájú wọn ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti máa rojọ́, òun tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá jábọ̀ pé ẹ̀sùn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, òfin ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n fẹ̀sùn kan Simon Achuba, igbákejì gómìnà Kogí nígbà náà. Ìgbìmọ̀ tí agbẹjọ́rò àgbà John Baiyeshea darí jábọ̀ pé ẹ̀sùn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹwàá, ilé aṣòfin yọ ọ́ nípò.

Àwọn kan á ní aráàlú ló dìbò yan aṣòfin, ta ló wá dìbò yan ẹni méje? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n aráàlú kan náà ló dìbò fún gómìnà àti igbákejì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò sì gba iṣẹ́ aṣòfin ṣe: aṣòfin ló ń dá ẹ̀sùn sílẹ̀, aṣòfin náà ló ń dìbò ìkẹyìn bí ẹ̀sùn bá fìdí múlẹ̀. Wíwádìí òótọ́ nìkan ni òfin fi lé àwọn tí kò ní jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á ní abala yìí kan náà ló ní kí ilé ẹjọ́ má dá sí i. Ìbàdàn ti dáhùn ìyẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, aṣòfin 18 nínú 32 yọ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Rashidi Ladoja. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní wọn kò tẹ̀lé òfin, Ladoja sì padà sórí àga. Ìgbà tí aṣòfin bá tẹ̀lé ìlànà nìkan ni ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ tó tì.

Agbára láti yọ aláṣẹ ṣe pàtàkì. Láìsí i, gómìnà á dà bí ọba tí kò ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Ṣùgbọ́n bí aṣòfin bá lè ti àbọ̀ ìgbìmọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí igbákejì gómìnà tó máa láyà láti sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ìbò aráàlú kò sì ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí ará Kogí máa ṣe, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ẹni méje wí, kó tó gbà pé wọ́n yọ ẹnì kan lọ́nà ẹ̀tọ́.