Láti Èèpo Àgbọn dé Èédú Asẹ́: Ìwẹ̀nùmọ́ Kábọ̀nù ní Etíkun Àgbádárìgì

1.0 Ìfáàrà
Àgbọn, tí àwọn Ẹ̀gùn ń pè ní agunkẹ, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irè oko etíkun Àgbádárìgì. Bí wọ́n bá ti yọ inú rẹ̀ fún òróró tàbí ìpápánu, èèpo líle rẹ̀ a di pàǹtírí tàbí ohun ìdáná. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń wẹ kábọ̀nù inú èèpo náà mọ́ títí tí yóò fi di ohun olówó iyebíye, èyí tí iṣẹ́ yìí pè ní èédú asẹ́.

2.0 Ìgbésẹ̀ Ìwẹ̀nùmọ́
Ìpele mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni sísun èèpo nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, eérú ni yóò kù. Nínú 100 kìlógíráàmù èèpo, nǹkan bí 30 ni yóò di èédú. Èkejì ni fífẹ́ ooru omi sí èédú náà nínú iná ìléru tí ó tó ìwọ̀n 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ooru omi yóò jẹ díẹ̀ lára kábọ̀nù, yóò sì lu ihò tí ojú lásán kò lè rí sí i lára. Ẹ̀kẹta ni fífi omi tàbí ásíìdì fọ eérú kúrò. Kì í ṣe ohun tí a fi kún èédú ni ó sọ ọ́ di olówó, bí kò ṣe ohun tí a yọ kúrò. Bí a bá tẹ́ ojú ihò inú gíráàmù mẹ́jọ péré sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù.

3.0 Ìwúlò àti Ààlà Rẹ̀
Ara ihò wọ̀nyí ni òórùn, àwọ̀ àti kẹ́míkà ń lẹ̀ mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), irú èédú yìí wà nínú ìbòjú tí àwọn ọmọ ogun fi ń dènà gáàsì olóró. Àwọn awakùsà pẹ̀lú ń fi í gba wúrà jáde nínú omi kẹ́míkà. Ti èèpo àgbọn ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé ó le, kì í tètè rún.

Ṣùgbọ́n kò lè mú iyọ̀ kúrò nínú omi kànga etíkun, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa kòkòrò àrùn. Èédú inú ààrò kì í sì í ṣe èédú asẹ́, torí kò la ìpele kejì kọjá. Olùkọ́ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí hàn lè kó akẹ́kọ̀ọ́ sínú ewu.

4.0 Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Abúlé lè ṣe ìpele kìíní; ìpele kejì ni ó gba ìléru àti owó ńlá. Bí àgbẹ̀ bá ń ta èèpo lásán, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ èrè ìwẹ̀nùmọ́. Ó yẹ kí ìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì, pẹ̀lú èèpo àgbọn lọ́wọ́ olùkọ́.