WỌN KÒ NÀ ÁN, ṢÙGBỌ́N WỌ́N ṢE É LÉṢE



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí a kírun tán, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ wá bá mi. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún 13, kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mọ́. Mo bi í pé, "Ta ni ó nà án?" Ó ní, "Ààfáà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n pa á tì ni."

Ọmọ náà a máa bá ìyá rẹ̀ wọn èlùbọ́ ní àárọ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan rí i lára aṣọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní "Èlùbọ́". Kò pẹ́, gbogbo kíláàsì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tí ó bá níbẹ̀ yóò dìde. Bí ó bá sún mọ́ wọn, wọn yóò dákẹ́. Bí ó bá kẹ́yìn, ẹ̀rín yóò bẹ̀rẹ̀.

Inú bí mi. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin, nítorí ilé-ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ó dorí kodò. "Bàbá, eré ni à ń ṣe. N kò nà án." Ẹ̀yin ará, èmi tí mo ń túmọ̀ Kùránì fún ìjọ nínú ààwẹ̀, ọmọ mi wà lára wọn!

Mo ṣí Súrátùl Hujurat, orí 49. Ní ẹsẹ 11, Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣẹ̀sín àti láti máa pe ara wa ní orúkọ burúkú. Ó sì dárúkọ àwọn obìnrin lọ́tọ̀, nítorí ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín lè sàn ju ẹni tí ń rẹ́rìn-ín lọ. Mo rán an létí ohun tí ó wà nínú hádíìsì: ìyá wa Aisha sọ ọ̀rọ̀ kan nípa kíkúrú Safiyya, Ànábì sì wí fún un pé bí a bá po ọ̀rọ̀ náà mọ́ omi òkun, yóò bà á jẹ́.

Kì í ṣe ẹni tí a ṣe é sí nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀. Ní 1995, Nicki Crick àti Jennifer Grotpeter ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí irú ìwà yìí láàárín ọmọ ilé-ìwé 491. Wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ àti ìdánìkanwà máa ń bá àwọn tí ń ṣe é fún ẹlẹ́gbẹ́ wọn ju àwọn tí kì í ṣe é lọ.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ọmọ mi lọ sí ilé ìyá elélùbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ọmọ náà kò fọhùn títí a fi fẹ́ máa lọ. Nígbà náà ni ó béèrè pé, "Ṣé wàá jókòó tì mí ní ọjọ́ Mọ́ńdè?"

Ó jókòó tì í. Àwọn yòókù sì dìde kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ọmọ mi sunkún délé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó padà síbẹ̀, ó jókòó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bi ọmọ yín nìkan pé, "Ta ni ó nà ọ́?" Ẹ bi í pé, "Ta ni ẹ kò bá sọ̀rọ̀ lónìí?" Ẹ̀yin ọlọ́jà, bí a bá ń pe aládùúgbò ìsọ̀ wa ní orúkọ ẹ̀gàn lójú ọmọ, àwa ni a kọ́ ọ. Ẹyin l'ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ahọ́n wa àti ti àwọn ọmọ wa. Àmín.