Bí wọ́n ṣe wá ìdí ṣíṣarán láàárín àgbà Yorùbá

Ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì, bí màmá àgbà bá ń béèrè ohun kan náà léraléra, ilé á ní ogbó ló dé, màmá ti ń ṣarán. Ọmọ Èkìtì kan kò fi í mọ síbẹ̀. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí wọ́n bí ní 1935, tó jáde ní Christ's School l'Ádó kó tó di oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan n'Íbàdàn.

Kì í ṣe orí àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tó ń mú ẹsẹ̀ ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, tó ń sọ ojú di bàìbàì, tó sì ń di etí ló kọ́kọ́ tọpa rẹ̀ dé ìdí ẹ̀gẹ́ tí wọn kò yọ májèlé ara rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí àìsàn ọpọlọ àti iṣan láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú Igbó-Ọrà, láàárín nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Sùúrù irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kà sí olórí ẹ̀bùn rẹ̀.

Ní 1992, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti Hugh Hendrie ní Yunifásítì Indiana dáwọ́ lé ìwádìí kan lórí ṣíṣarán: àgbà Yorùbá ní Ìdìkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, láti ẹni ọdún 65 sókè. Ìdánwò ni ìṣòro. Èyí tó wà nílẹ̀ ń ní kí àgbà to lẹ́tà ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, kó kọ̀wé, kó yàwòrán. Màmá oníṣòwò tí kò dé ilé ìwé rí, tó sì mọ gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí, á fìdí rẹmi níbẹ̀. Ni wọ́n bá lo ìbéèrè tí ẹgbẹ́ Hendrie ti ṣe fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Cree ní Kánádà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ti àgbà, apá kejì jẹ́ ti ará ilé tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí.

Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù bá iṣẹ́ náà lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya àgbáyé lẹ́nu: nínú 100 àgbà, 1.35 ni àrùn ṣíṣarán ń mú lọ́dọọdún n'Íbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àjogúnbá ni wọ́n ti ń yẹ̀ wò láti wá ìdí ìyàtọ̀ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ sára ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì àgbà tó ń dá gbé, kó lè ta ọmọ lólobó bí ìṣe àgbà náà bá yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn náà á fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ó sì wù mí kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tí ilẹ̀kùn ń ṣí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ ilẹ̀kùn kò lè sọ ohun tí bàbá ń ṣe. Kí wọ́n tó so wáyà kankan, ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń se oúnjẹ bàbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n bi í ní irú ohun tí wọ́n bi ará ilé ní Ìdìkàn: kí ni bàbá ń dá ṣe lọ́dún tó kọjá tí kò lè dá ṣe mọ́?