Ọkùnrin, Obìnrin àti Ìtara Láti Kọ́ Èdè Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìtara ló ń mú kí ẹni tó ń dá kọ́ èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá a dé òpin, nítorí kò sí olùkọ́ tó ń pe orúkọ níbẹ̀, kò sì sí aago tó ń lù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wádìí bóyá ìtara ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin.

Lọ́dún 1959, Robert Gardner àti Wallace Lambert ní Kánádà ya ìtara sí ọ̀nà méjì: ti ẹni tó fẹ́ bá àwọn tó ni èdè náà ṣe wọlé-wọ̀de, àti ti ẹni tó ń fi èdè wá iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀rí. Lọ́dún 2005, Zoltán Dörnyei, ọmọ ilẹ̀ Húngárì, ṣàlàyé pé irú ènìyàn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rí pé òun yóò dà lọ́jọ́ iwájú lágbára púpọ̀ lórí ìtara rẹ̀.

Dörnyei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ọmọ iléèwé tó lé ní 13,000 léèrè ọ̀rọ̀ ní Húngárì lọ́dún 1993, 1999 àti 2004. Lápapọ̀, ìtara àwọn ọmọbìnrin ga ju ti ọmọkùnrin lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń yan èdè òkèèrè fún ìdánwò. Ẹ̀kọ́ ilé àti ìrètí àwùjọ wà lára ohun tó fà á: níbi tí wọ́n bá ti ka èdè sí iṣẹ́ obìnrin, ọmọkùnrin a máa yẹra fún un.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń fún ẹnì kan ní ìtara lè sú ẹlòmíràn. Duolingo, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́dún 2012, ń ka máàkì, ó sì ń to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orí ẹni tó gba jù. Ẹni tó fẹ́ràn ìdíje yóò gbádùn èyí. Ẹni tó ń bẹ̀rù àṣìṣe yóò kúkú fẹ́ràn pé òun lè tún gbólóhùn kan sọ sí fóònù lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí ẹni tó máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin wà nínú irú méjèèjì, obìnrin náà sì wà níbẹ̀.

Ìtara nìkan kò tó bí kò bá sí dátà. Lọ́dún 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àgbáyé ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ti obìnrin jẹ́ 65. Ọmọbìnrin tí iṣẹ́ ilé kò jẹ́ kó rójú, tó sì ń dúró de fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lè dà bí ẹni tí kò nítara.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi akọ tàbí abo díwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́. Kó bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi èdè náà ṣe, kó sì mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́.