Ilé Àdúrà Ló Kọ́ Oníṣẹ́ Ọnà Ìmọ́lẹ̀ Ní Sùúrù

Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ilé ìpàdé ìjọ Quaker kan wà tí wọ́n ń pè ní Live Oak. Wọ́n lu ihò onígun mẹ́rin sí òrùlé rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Bí wọ́n bá ṣí i nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á dà bí aṣọ aláró tí wọ́n tẹ́ mọ́ àjà. James Turrell, oníṣẹ́ ọnà ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Quaker, ló ṣe é. Nínú ìpàdé wọn níbẹ̀, kò sí ère, kò sí ìwàásù pásítọ̀. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa dúró de ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó ń bẹ nínú ènìyàn. Ìjókòó yẹn gan-an, ju ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lọ, ni iṣẹ́ ọnà ìmọ́lẹ̀ òde òní jogún lọ́wọ́ ilé ìjọsìn.

Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ojú lásán ni irú iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, Turrell kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọpọlọ ṣe ń túmọ̀ ohun tí ojú rí, ó sì gboyè ní Pomona College ní 1965. Ojú kì í dá àwọ̀ kan wò. Ohun tó yí i ká ló fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ irú yàrá tó ṣe báyìí, iná tó fara sin máa ń kun ògiri bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú: bí ògiri bá gba àwọ̀ ọsàn, aró ojú ọ̀run á túbọ̀ kì. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń yí. Ẹni tó bá yọjú tó sì kọjá lọ kò ní rí nǹkan kan, bó tilẹ̀ mọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ dórí.

Àtakò tó wúwo jù wá láti ẹnu Dan Flavin, oníṣẹ́ ọnà ìmọ́lẹ̀ mìíràn, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó ti fìgbà kan kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà: ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ohun ẹ̀mí. Síbẹ̀, nígbà tí àlùfáà ìjọ Santa Maria Annunciata in Chiesa Rossa ní Milan pè é pé kó wá fi iná ṣe ọnà sínú ilé ìjọsìn náà, ó ya àwòrán iṣẹ́ náà kó tó kú ní 1996, wọ́n sì tan án ní 1997: àwọ̀ ewé àti aró lókè ibi tí ìjọ ń jókòó, wúrà lẹ́yìn pẹpẹ. Gílóòbù gígùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni. Nítorí náà, òótọ́ ni Flavin sọ, gílóòbù kò ru ìgbàgbọ́ kankan. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló ń kọ́ni bí a ṣe ń wò ó. Mùsíọ́ọ̀mù tó bá ń gbé irú iṣẹ́ yìí kalẹ̀ láìfún èrò ní àga àti àkókò, iná lásán ló ń fi hàn wọ́n.